Kúùbù Kọnkéré Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìtẹ̀

Nọ́ńbà 42.5 tí ó wà lára àpò sìmẹ́ńtì kì í ṣe ìwọ̀n kílò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kàn fún ọjà rẹ̀. Èsì ìdánwò ni. Wọ́n po sìmẹ́ńtì náà mọ́ yanrìn àti omi, wọ́n dà á sínú móòdù, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi títí ó fi pé ọjọ́ 28, wọ́n wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fọ́. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé, kí ó tó fọ́, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ gba agbára níútọ̀n 42.5 sórí ibi tí kò ju mìlímítà kan níbùú, mìlímítà kan lóòró. Ẹni tí ó bá gbé nǹkan kílò kan sórí àtẹ́lẹwọ́, bíi níútọ̀n mẹ́wàá ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nǹkan kílò mẹ́rin àti díẹ̀, lórí ibi tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ: ìyẹn ni 42.5.

Ìdánwò ìtẹ̀ ni irú ìdánwò yìí. Òdìkejì rẹ̀ ni ìdánwò ìfà, níbi tí wọ́n ti ń di nǹkan mú lórí àti nídìí, tí wọ́n á fà á títí yóò fi já. Okùn, wáyà, ọ̀pá irin tí ó wà nísàlẹ̀ bíìmù, ìfà ni iṣẹ́ wọn. Òpó, ògiri, ìpìlẹ̀, ẹsẹ̀ àga àti egungun itan, ìtẹ̀ ni tiwọn. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wọ̀n nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́: bí agbára tí ó ń bọ́ sórí nǹkan náà ti pọ̀ tó, àti bí nǹkan náà ti ń kúrú tó. Wọ́n á pín agbára yẹn sí gbogbo ojú ibi tí ó bọ́ sí, kí wọ́n lè fi èsì nǹkan kékeré wé ti ńlá. Wọ́n á pín kíkúrú sí gígùn tí ó ní kí ìtẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ara méjèèjì ni wọ́n ti ń mọ bí nǹkan ṣe le tó, ìgbà tí kò ní lè padà sí bí ó ṣe wà mọ́, àti ìgbà tí yóò fọ́.

Fún sìmẹ́ńtì, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé kò fi àyè sílẹ̀ fún fífi ojú díwọ̀n. Gíráàmù 450 ni sìmẹ́ńtì, gíráàmù 1,350 ni yanrìn, gíráàmù 225 ni omi. Ọ̀pá kéékèèké ni wọ́n ń fi ṣe, mìlímítà 40 níbùú, 40 lóòró, 160 ní gígùn. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣẹ́ ọ̀pá náà sí méjì, wọ́n á wá tẹ ìdajì kọ̀ọ̀kan fọ́ láàárín irin méjì tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 40. Ní ọdún 2014, àjọ SON tí ó ń mójú tó ìwọ̀n àti ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà pàṣẹ pé rírẹ́ ògiri nìkan ni kí wọ́n máa fi sìmẹ́ńtì 32.5 ṣe, 42.5 ni kí wọ́n fi ṣe òpó, bíìmù àti dẹ́kìn, òun náà ni kí wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù, 52.5 wà fún afárá. Lórí èsì ìdánwò ìtẹ̀ nìkan ni gbogbo ìpín yẹn dúró lé.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì inú àpò kọ́ ni ó ń gbé ilé ró. Kọnkéré ni, bí wọ́n sì ṣe pò ó lójú iṣẹ́ ni yóò ṣe rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe kúùbù. Bí wọ́n bá ti ń da kọnkéré sínú òpó tàbí dẹ́kìn, wọn a bù nínú rẹ̀ sínú móòdù irin tí ó jẹ́ mìlímítà 150 ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo, tí wọ́n ti fi òróró pa nínú kí ó má baà lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bu kọnkéré náà sí i. Bí wọ́n bá bu ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi ọ̀pá irin gún un, ó kéré tán, nígbà 35, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. Bákan náà ni wọ́n á ṣe fún èkejì àti ẹ̀kẹta. Wọ́n á fi irin ìrẹ́lé gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á kọ ọjọ́ àti ibi tí kọnkéré náà lọ sí ara rẹ̀, wọ́n á sì fi nǹkan tútù bò ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ń tú u kúrò nínú móòdù tí wọ́n sì ń jù ú sínú omi. Kúùbù kan wúwo tó kílò mẹ́jọ.

Omi yẹn kì í ṣe àṣejù. Kọnkéré kì í le nítorí pé ó gbẹ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Sìmẹ́ńtì àti omi ni ó ń para pọ̀ di nǹkan mìíràn, ìyípadà náà sì ń lọ lọ́jọ́ dé ọjọ́. Bí omi bá gbẹ kúrò lára rẹ̀ ní kùtùkùtù, iṣẹ́ náà dá dúró láàárín ọ̀nà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ kúùbù kan ní ọjọ́ keje, tí wọ́n á fi àwọn tókù sílẹ̀ di ọjọ́ 28. Ní ọjọ́ keje, kọnkéré tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lásán ṣe máa ń ní tó ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí yóò ní ní ọjọ́ 28. Bí èsì ọjọ́ keje bá burú, ó ṣì kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnjiníà fi lè dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n tó gbé òkè mìíràn lé e.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á nu kúùbù náà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì gbé e sáàárín irin pẹrẹsẹ méjì nínú ẹ̀rọ. Kì í ṣe bí ó ṣe wà nínú móòdù ni wọ́n ń gbé e. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi kọjú sókè, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni ó gún régé. Orí tí wọ́n fi ọwọ́ gé kì í tẹ́ tó. Epo inú páìpù ni ó ń gbé agbára ẹ̀rọ náà wá, gẹ́gẹ́ bí epo inú jáàkì ṣe ń gbé mọ́tò fún fọkanáísà. Joseph Bramah, ará Ìlú Ọba, ni ó gba àṣẹ ìjọba lórí irú ẹ̀rọ ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1795. Ẹni tí ó ń darí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ kánjú, kò sì gbọ́dọ̀ lọ́ra: agbára ní láti máa pọ̀ sí i ní bíi níútọ̀n 0.6 lórí mìlímítà níbùú-lóòró kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún kúùbù mìlímítà 150, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù kan lọ ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ aago bá tá. Bí wọ́n bá yára jù, kúùbù á dà bí ẹni pé ó le ju bí ó ti le lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ohun tí ojú rí. Nọ́ńbà nìkan ni ó ń gòkè. Lẹ́yìn náà, ilà tín-ín-rín bí irun orí á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kan, ekuru díẹ̀ á dà sílẹ̀, ìró bíi ti ẹ̀ka gbígbẹ tí ó ń ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú. Nọ́ńbà á lọ́ra, á dúró, á sì já wálẹ̀ pẹ̀lú ìró gbàmù kan. Ibi tí ó ga dé kí ó tó já ni èsì. Bí ó bá jẹ́ níútọ̀n 562,500, wọ́n á pín in sí 22,500, tí í ṣe 150 lọ́nà 150, wọ́n á sì rí 25. Ẹni tí 25 bá jọ nǹkan kékeré lójú rẹ̀, kí ó rò ó báyìí: àpò sìmẹ́ńtì tí ó lé ní 1,100 ni ẹ̀rọ náà tò lé orí ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ méjì gbé.

Bí wọ́n bá gbọn ìfọ́kù rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù láàárín ẹ̀rọ jọ ìlù gángan. Orí fẹ̀, ìdí fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bọ́ dànù. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí a bá tẹ̀ láti òkè máa ń fẹ́ fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ di ojú kúùbù mú, kò jẹ́ kí ó fẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tí ó di àárín mú. Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bọ́ bákan náà, àyẹ̀wò náà dára. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣẹ́ tí ìyókù dúró, kúùbù náà kò jókòó dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ, tàbí móòdù rẹ̀ wọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba èsì rẹ̀ gbọ́.

Dídì tí irin di kúùbù mú yìí tún ń mú kí ó dà bí ẹni pé kọnkéré le ju bí ó ti le lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í lo kúùbù. Kọnkéré roboto bí agolo gígùn ni wọ́n ń tẹ̀, mìlímítà 150 níbùú, 300 ní gíga. Àárín rẹ̀ jìnnà sí irin méjèèjì, ọwọ́ irin kò tó o, nítorí náà ó ń fọ́ ní bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára tí kúùbù ń fọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kọnkéré fi jẹ́ méjì nínú ìlànà Yúróòpù: C25/30 túmọ̀ sí 25 fún agolo, 30 fún kúùbù. Kọnkéré kan náà ni. Ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà láti inú ìwé Amẹ́ríkà tí ó sì fi ṣe ti kúùbù ti ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Fífẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nínú kọnkéré, ìtẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń pa á bí kò ṣe ìfà tí ìtẹ̀ bí. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ ti ń súnmọ́ra, inú rẹ̀ ń ya sí ẹ̀gbẹ́, kọnkéré kò sì ní agbára ìfà: bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ìtẹ̀ rẹ̀ péré ni. Ní Rio de Janeiro ni ẹnjiníà kan, Fernando Lobo Carneiro, ti sọ ìmọ̀ yìí di ìdánwò ní ọdún 1943. Wọ́n ń la títì gbòòrò kan gba àárín ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì São Pedro sì dúró sójú ọ̀nà. Èrò wà pé kí wọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì náà lórí rólà kọnkéré kúrò níbẹ̀. Carneiro ní láti mọ ohun tí irú rólà bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ó gbé kọnkéré roboto dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì rí i pé kì í rún. Ńṣe ni ó ń là sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí igi ìdáná tí àáké là. Títẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́, ìfà ni ó fi ya á. Níkẹyìn wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọn ò yí i. Ṣùgbọ́n títí di òní, orúkọ Brazil ni àwọn ẹnjiníà káàkiri ayé fi ń pe ìdánwò yẹn, bákan náà ni ilé-iṣẹ́ oògùn sì ń tẹ hóró oògùn láti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò fọ́ nínú páálí kí ó tó dé ọwọ́ aláìsàn.

Nǹkan mìíràn kì í fọ́ bíi kọnkéré. Bàbà tàbí irin rírọ̀ kì í là rárá: ńṣe ni ikùn rẹ̀ ń yọ, tí yóò dà bí àgbá, tí yóò sì máa fẹ̀ lọ bí ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ ẹ́. Lára irú èyí, ìbéèrè kì í ṣe ìgbà tí yóò fọ́. Ìbéèrè ni ìgbà tí wọ́n máa gbé agbára kúrò tí kò ní padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Irin tí wọ́n dà sínú móòdù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ihò ojú títì, ń fọ́ ní tirẹ̀, ó sì ń já ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu láti ẹ̀gbẹ́; agbára ìtẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin agbára ìfà rẹ̀. Igi le gan-an bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìdúró, bí ó ṣe hù, ó sì rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, nítorí pé okùn inú rẹ̀ dà bí ìdì páìpù wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó gbẹ́ odó mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí igi ti dúró nínú igbó ni odó ṣe ń dúró, orí àwọn páìpù yẹn sì ni ọmọ odó ń bọ́ sí. Fóòmù ìbùsùn ní ìtàn tirẹ̀. Ó ń kọ́kọ́ ta kọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ihò inú rẹ̀ á máa pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan tí yóò fi máa rì láìfi bẹ́ẹ̀ mú agbára pọ̀ sí i. Bí gbogbo ihò bá ti pa dé tán, ó di líle lójijì. Ẹni tí fóòmù rẹ̀ ti gbó, tí ó ń jí pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, orí líle ìkẹyìn yẹn ni ó ń sùn.

Gíga ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá fi ìka méjì tẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lórí àti nídìí, ńṣe ni yóò tẹ̀ kọdọrọ. Bí ó bá gé e kù bí ìdajì èékánná, ìka ni yóò dun ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbálẹ̀ kan náà ni. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀ àfi gígùn. Leonhard Euler, ará Switzerland, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1744: bí gígùn ọ̀pá bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù àtijọ́ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ohun ìdánwò ní kúkúrú, kí ó lè jẹ́ ara nǹkan náà ni ẹ̀rọ ń dán wò, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Lójú iṣẹ́ ilé, ọparun tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kìn tútù dúró wà lábẹ́ òfin Euler yìí. Pákó tí kápẹ́ńtà fi de àwọn ọparun náà mọ́ra láàárín kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó sọ ọ̀pá gígùn kan di kúkúrú méjì, bí wọ́n bá sì tú u láti fi dá iná, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ọparun náà lè gbé kí ó tó tẹ̀ ni wọ́n tú lọ.

Àríyànjiyàn lórí ilé kan ni ó mú kí títẹ òkúta di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fara balẹ̀ ṣe. Ní Paris, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Sainte-Geneviève, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Panthéon lónìí. Ní 1770, Pierre Patte kọ̀wé jáde pé òpó tí ayàwòrán ilé náà, Soufflot, fi sábẹ́ òrùlé roboto ńlá náà kò lè gbé e. Émiland Gauthey, ẹnjiníà afárá, dìde láti wádìí. Ó fi igi ìgbérù gígùn ṣe ẹ̀rọ, ó gé òkúta sí kéékèèké, ó sì ń tẹ̀ wọ́n fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ẹrù tí ó wà lórí òkúta nínú ọ̀pọ̀ ilé kì í ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí yóò fọ́ ọ lọ. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn òpó Panthéon sán. Òkúta náà kò ní àléébù. Bí wọ́n ṣe tò ó ni. Etí òkúta nìkan ni ó fara kan ara wọn dáadáa, àárín kò jókòó, nítorí náà gbogbo ẹrù kó sórí etí. Rondelet ni ó wá fi òkúta kún àwọn òpó náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní 1866, David Kirkaldy ṣí ilé ìdánwò sí London pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí ó gùn ju mítà 14 lọ, tí ó lè fa nǹkan, tí ó lè tẹ̀ ẹ́, tí ó sì lè ṣẹ́ ẹ. Níbẹ̀, Kirkaldy kì í rọ irin, kì í sì tà á. Ohun tí ó ń tà ni èsì, ó sì kọ ọ́ sórí ilẹ̀kùn pé òkodoro ni ibẹ̀ wà fún, kì í ṣe èrò ọkàn ẹnikẹ́ni.

Irú òmìnira bẹ́ẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni ìdánwò ìtẹ̀ ti ń di aláìníláárí. Agbaṣẹ́ṣe ni ó ń po kọnkéré, agbaṣẹ́ṣe náà ni ó ń ṣe kúùbù, òun náà ni ó ń gbé e lọ sí ilé ìdánwò. Bí ó bá fi sìmẹ́ńtì kún ti inú móòdù, tàbí tí ó po kúùbù lọ́tọ̀, ẹ̀rọ kò lè mọ̀. Nọ́ńbà dídára á jáde, ìwé á ní òǹtẹ̀, òpó á sì wà bí ó ṣe wà. Ìwé bẹ́ẹ̀ burú ju kí wọ́n má ṣe ìdánwò rárá lọ, nítorí pé ó ń fi ọkàn àwọn tí yóò sùn sínú ilé náà balẹ̀ lórí irọ́. Alábòójútó iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni ó yẹ kí ó mú kọnkéré láti inú èyí tí wọ́n ń dà lọ́wọ́, kí ó dúró tì í títí móòdù yóò fi kún, kí ó sì kọ orúkọ sí i fúnra rẹ̀.

Kódà bí kò bá sí ẹ̀tàn, omi lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Duff Abrams, ní Chicago, tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1918 pé bí omi bá ti ń pọ̀ sí i ní ìfiwéra pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ni agbára kọnkéré ń lọ sílẹ̀. Bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo sìmẹ́ńtì ni omi tí sìmẹ́ńtì lè mu; èyí tí ó kù wà nítorí kí kọnkéré lè ṣeé tì, nígbà tí ó bá sì gbẹ lọ, ihò ni ó ń fi sílẹ̀. Lítà 25 fún àpò kílò 50 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí kọnkéré bá ń le lọ́wọ́ tí ó sì ti rẹ àwọn lébìrà, garawa omi kan sí i máa ń dà bí àánú. Àwọn tí ó kọ́ ilé alámọ̀ láyé àtijọ́ kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí omi ń ṣe: wọ́n á mọ ògiri ga dé orúnkún, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó le, kí wọ́n tó gbé èyí tí ó kàn lé e.

Nígbà tí kúùbù bá kùnà, tàbí tí kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́, ilé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lọ dán wò. Òòlù kékeré kan wà tí Ernst Schmidt ti Switzerland ṣe, tí wọ́n ń tì mọ́ ara òpó: irin inú rẹ̀ á lu kọnkéré, á sì ta padà, bí ó bá sì ṣe ta padà tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n líle ojú òde. Ó yá, kò sì ba nǹkan jẹ́. Ojú òde nìkan ni ó mọ̀ ṣá, kọnkéré tí ó ti pẹ́ sì máa ń le lójú ju inú rẹ̀ lọ, nítorí náà kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ẹ̀rí tí ó dájú jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníhò gbẹ́ kọnkéré roboto jáde láti inú òpó tàbí dẹ́kìn náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wá ibi tí ọ̀pá irin wà kí wọ́n má baà gé e. Wọ́n á gé orí àti ìdí rẹ̀ kí ó tẹ́, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n gbé kúùbù sí. Nínú ìlànà Amẹ́ríkà, mẹ́ta ni wọ́n ń gbẹ́: àròpín wọn gbọ́dọ̀ tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n fi yàwòrán ilé náà, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan tí ó kéré sí ìdá 75. Bí wọ́n bá ti kọ èsì sílẹ̀ tán, wọ́n á fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì tí kì í súnkì dí ihò tí wọ́n gbẹ́, wọ́n á gún un kí ó kún dé inú, wọ́n á sì máa rin ín lómi bíi ti ìyókù.